Owó Àánú Nínú Ìjọ: Ohun Tí Ìrírí Kọ́ Mi Nípa Ọrọ̀, Ọrẹ àti Iṣẹ́ Rere

Ẹni tó bá ti pẹ́ nídìí àpótí àwọn aláìní nínú ìjọ, bí èmi ṣe wà nídìí rẹ̀ ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo, lórílẹ̀-èdè Benin) níbí, á mọ̀ pé fífúnni kọ́ ló le jù. Àwọn èèyàn wa lawọ́. Ìyá tó ń ta èkọ ní ọjà Ouando kì í jẹ́ kí igbá ọrẹ kọjá òun lọ́jọ́ Ìsinmi láìju owó ẹyọ sí i. Ohun tó le ni kí owó náà dé ọwọ́ ẹni tó yẹ kó dé, ní àsìkò tó yẹ, kí ojú má ti ẹni tó gbà á, kí wọ́n má sì fura sí ẹni tó gbé e lọ. Pọ́ọ̀lù mọ èyí. Nígbà tó ń kó owó jọ fún àwọn onígbàgbọ́ Jerúsálẹ́mù, kò dá gbé e. Ó rán Títù, ó fi arákùnrin kan tí àwọn ìjọ fúnra wọn yàn tì í, ó tún fi ẹnì kẹta kún wọn, ó sì sọ ìdí rẹ̀ nínú 2 Kọ́ríńtì 8:20-21: kí ẹnikẹ́ni má baà rí ẹ̀sùn kà sí wọn lọ́rùn lórí owó ńlá náà, kí ohun tí wọ́n ń ṣe lè dára níwájú Olúwa àti níwájú èèyàn. Ẹsẹ yìí ni gbogbo ọ̀rọ̀ mi rọ̀ mọ́. Ìwé ìṣirò owó àánú, iṣẹ́ rere lòun náà, gẹ́gẹ́ bí oúnjẹ tí a gbé fún ẹni tí ebi ń pa.

Lórí ọrọ̀ fúnra rẹ̀, ohùn méjì ló ń ta kora nínú àwọn ìjọ wa, láti Àjàṣẹ́ títí dé Kétu àti Ṣábẹ. Àwọn kan ń wàásù pé ẹni tí kò bá là kò ní ìgbàgbọ́ tó. Àwọn mìíràn ń wo gbogbo olówó bí ẹlẹ́ṣẹ̀. Méjèèjì ò bá Ìwé Mímọ́ mu. Ìfẹ́ owó ni 1 Tímótíù 6:10 pè ní gbòǹgbò ibi, kì í ṣe owó. Orí kan náà, ní ẹsẹ 17 sí 19, sọ ohun tí a ó máa kọ́ àwọn ọlọ́rọ̀: kí wọ́n má gbéra ga, kí wọ́n má gbẹ́kẹ̀ lé ọrọ̀ tí kì í dúró lójú kan, kí wọ́n máa ṣoore, kí ọwọ́ wọn yá láti pín fúnni. Ẹ wo ọkùnrin inú Lúùkù 12 tó fẹ́ wó àká rẹ̀ kó lè kọ́ èyí tó tóbi jù ú lọ. Ẹ wá wo Jósẹ́fù nínú Jẹ́nẹ́sísì 41, tó ní kí wọ́n kó ìdá kan nínú márùn-ún ìkórè Íjíbítì pa mọ́ fún odindi ọdún méje. Àwọn méjèèjì ló ní àká. Ọ̀kan kó ọkà jọ fún ọkàn ara rẹ̀ nìkan, èkejì kó o jọ fún ìlú tí ìyàn ń bọ̀ wá bá. Mo ń tẹnu mọ́ ọn nítorí pé a ó tún padà sórí àká yìí níwájú.

Ìdámẹ́wàá ni mo ti ń rí i tí ọkàn rere ń sọ oníṣòwò di aláìní. Ìyá kan ta ọjà 200,000 fráǹkì lóṣù, ó mú 20,000 wá sílé Ọlọ́run, ó rò pé òun ṣe ohun tó tọ́. Ẹ jẹ́ ká ṣírò ó. Bí ó bá ra ọjà yẹn ní 165,000, tó san 8,000 fún ọkọ̀ àti alábàárù, tó tún san 2,000 fún àyè tó ń jókòó sí, èrè rẹ̀ ò ju 25,000 lọ. Ìdámẹ́wàá èrè náà ni 2,500. Tó bá mú 20,000 wá, 5,000 péré ló kù fún oúnjẹ, owó iléèwé àti àìsàn, ojú owó ló sì máa jẹ kí oṣù náà tó parí. Bí oṣù ṣe ń gun orí oṣù, ọjà inú igbá rẹ̀ á máa fúyẹ́, títí orúkọ rẹ̀ á fi wọ ìwé àwọn tí ìjọ ń ràn lọ́wọ́. Diutarónómì 14:22 là á yé wa pé ìbísí oko ni wọ́n ń dá ìdámẹ́wàá lé lórí. Irúgbìn tí àgbẹ̀ máa gbìn lọ́dún tó ń bọ̀ kì í ṣe ìbísí, ojú owó ọlọ́jà náà kì í ṣe ìbísí. Àpò mẹ́ta ni mo máa ń gba àwọn ọlọ́jà níyànjú láti ní: ọ̀kan fún ojú owó, ọ̀kan fún ilé, ọ̀kan fún ọrẹ. Alaalẹ́ ni kí wọ́n pín in, kí wọ́n má dúró dìgbà tí oṣù bá parí, nítorí owó tó bá ti dàpọ̀ kì í ṣeé yà sọ́tọ̀ mọ́.

Ẹsẹ tí wọ́n fi ń béèrè ìdámẹ́wàá jù lọ ni Málákì 3:10, níbi tí fèrèsé ọ̀run wà. Kò wọ́pọ̀ kí n gbọ́ ìwàásù tó bẹ̀rẹ̀ láti ẹsẹ 5 orí kan náà, níbi tí Olúwa ti ní òun ń bọ̀ wá jẹ́rìí lòdì sí àwọn tó ń rẹ́ alágbàṣe jẹ lórí owó ọ̀yà rẹ̀, àwọn tó ń ni opó àti aláìníbaba lára, àti àwọn tó ń du àlejò ní ẹ̀tọ́ rẹ̀. Ẹsẹ mẹ́rin péré ló wà láàárín wọn. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí pẹ̀lú opó tó ju owó ẹyọ méjì sínú àpótí nínú Máàkù 12:41-44. Ẹsẹ 40, tó ṣáájú rẹ̀ gan-an, ń dá àwọn akọ̀wé òfin lẹ́bi pé wọ́n ń jẹ ilé àwọn opó run. Ẹni tó bá ka ibẹ̀ pọ̀, á rò ó lẹ́ẹ̀mejì kó tó fi opó yẹn gba owó lọ́wọ́ opó mìíràn. Ẹ tún ka Diutarónómì 14:28-29: ní òpin ọdún mẹ́ta mẹ́ta, inú ìlú ni ìdámẹ́wàá máa wà, kí ọmọ Léfì, àlejò, aláìníbaba àti opó lè jẹ, kí wọ́n yó. Ìjọ tó ń gba ìdámẹ́wàá tí kò ní àpótí fún àwọn aláìní ti mú apá kan òfin náà, ó fi ìyókù sílẹ̀.

Iṣẹ́ rere àkọ́kọ́ tí onígbàgbọ́ olówó lè ṣe wà nínú ilé rẹ̀ àti ní ibi iṣẹ́ rẹ̀, nítorí ilé la ti í kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Diutarónómì 24:15 ní kí a san owó alágbàṣe lọ́jọ́ rẹ̀ gan-an, kí oòrùn tó wọ̀. Jákọ́bù 5:4 ní owó ọ̀yà tí a há mọ́ àwọn olùkórè lọ́wọ́ ń ké, igbe wọn sì ti dé etí Olúwa. Ní orílẹ̀-èdè Benin, láti oṣù kìíní ọdún 2023, owó oṣù tó kéré jù lọ tí ìjọba fọwọ́ sí jẹ́ 52,000 fráǹkì. Ẹni tó bá mú 300,000 wá síbi ìkórè, tí àwọn bíríkìlà tó kọ́ ilé rẹ̀ ṣì ń wá owó wọn, owó àwọn yẹn ló gbé wá. Kí ó lọ san án ná. Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ ọ̀dọ̀ tún gbẹgẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ: ọmọ tí a mú láti abúlé pé a ó fi sí iléèwé, tó wá ń ta omi lójú pópó nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ wà ní kíláàsì, gbèsè ló jẹ́ lọ́rùn ẹni tó mú un wá. Ọrẹ kankan ò lè san gbèsè yẹn.

Fún ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ń gbòòrò sí i, àpẹẹrẹ kan wà tó ṣeé mú lò. Nígbà tí John Wesley, oníwàásù tó dá ẹgbẹ́ Mẹ́tọ́díìsì sílẹ̀, wà ní Oxford, ọgbọ̀n pọ́n-ùn ló ń wọlé fún un lọ́dún, ó ń ná 28, ó ń fi 2 tọrẹ. Lọ́dún kejì, 60 wọlé, ó ná 28, ó fi 32 tọrẹ. Lọ́dún kẹta, 90 wọlé, ó ná 28, ó sì fi 62 tọrẹ. Iye tó ń ná ló kọ́kọ́ dè mọ́lẹ̀. Ọ̀pọ̀ wa ń ṣe òdìkejì rẹ̀: bí owó bá ti pọ̀ sí i, ilé, aṣọ àti òde á pọ̀ sí i, ọrẹ á dúró síbi tó wà. Ẹ kọ iye tó tó yín jẹ, tó tó àwọn ọmọ yín kàwé, tó tó yín tọ́jú òbí sílẹ̀ lórí ìwé. Ẹ máa tún un wò lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, nítorí ọjà ń gbówó lórí. Ohun tó bá lé lórí rẹ̀ ni kí ẹ wá bá Ọlọ́run jíròrò.

Mo ti dé ìdí àpótí wàyí. Àgádágodo méjì ni kó wà lẹ́nu rẹ̀, kọ́kọ́rọ́ ọ̀kan lọ́wọ́ akápò, èkejì lọ́wọ́ ẹni tí kì í ṣe ẹbí rẹ̀. Inú ilé ìsìn ni kí wọ́n ti ka owó, kó tó kúrò níbẹ̀, ó kéré tán, kí èèyàn méjì kà á lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kí wọ́n tó sọ iye tí kálukú bá fún ara wọn. Ẹ ya owó ẹyọ sọ́tọ̀ọ̀tọ̀, 25 pẹ̀lú 25, 50 pẹ̀lú 50, 100 pẹ̀lú 100, nítorí ibẹ̀ ni àṣìṣe ti ń wọlé. Ìwé tí a di pọ̀, tí ojú ewé rẹ̀ ní nọ́ńbà, ni kí ẹ kọ ọ́ sí. Ìwé tí a lè fa ewé rẹ̀ ya kò dára. Bíìkì, ìyẹn báírò, ni kí ẹ fi kọ, kì í ṣe pẹ́ńsùlù. Bí ẹ bá ṣì í kọ, ẹ fa ìlà kan ṣoṣo là á já kí èèyàn ṣì lè ka ohun tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, kí àwọn méjèèjì fọwọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta, ẹ ka iye tó wọlé àti iye tó jáde sétí ìjọ. Iye nìkan ni kí ẹ kà, ẹ má dárúkọ àwọn tó gbà á. Nọ́ńbà ni orúkọ wọn nínú ìwé ńlá, ìwé kékeré tó so nọ́ńbà mọ́ orúkọ sì wà lọ́dọ̀ pásítọ̀.

Owó orí fóònù rọrùn, ó sì ní ewu tirẹ̀. Lórí orúkọ ẹnì kan ṣoṣo ni ìlà fóònù máa ń wà. Bí ẹni náà bá kú, tàbí tó bínú kúrò nínú ìjọ, owó àwọn opó á há síbẹ̀. Ẹ lò ó láti fi gba owó lọ́wọ́ àwọn ọmọ ìjọ tó wà ní Kútọnu tàbí lókè òkun, kí ẹ sì gbà á jáde láàárín ọ̀sẹ̀ kan náà. Ẹ kọ owó tí wọ́n yọ níbi gbígbà á sínú ìwé, nítorí bí ẹ ò bá kọ ọ́, ìyàtọ̀ rẹ̀ ni wọn yóò fi pe akápò lólè.

Ta ni a ó fún? Òfin inú 1 Tímótíù 5 ṣì gbéṣẹ́. Ẹsẹ 9 ní kí opó tí a máa kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ tó ẹni 60 ọdún. Ẹsẹ 4 àti 16 ní kí àwọn ọmọ, ọmọ-ọmọ àti ìbátan kọ́kọ́ tọ́jú tiwọn, kí ẹrù má baà wọ ìjọ lọ́rùn. Nítorí náà, kí a tó kọ orúkọ ìyá kan sílẹ̀, a máa ń wá àwọn ọmọ rẹ̀ lọ. Ẹ má pè wọ́n lẹ́jọ́ o. Ẹ rán àgbàlagbà tí wọ́n bọ̀wọ̀ fún sí wọn, kó bi wọ́n pé èló ni agbára wọn ká. Bí ọmọ bá lè mú 3,000 wá lóṣù, kí ìjọ fi ìyókù kún un. Bí ìjọ bá gbé gbogbo rẹ̀ rù láti ìbẹ̀rẹ̀, ọmọ náà kò ní padà sídìí rẹ̀ mọ́, ìyá á sì pàdánù ohun tó ju owó lọ.

Ìṣe àwọn Àpọ́sítélì 6 ni mo rò pé ìlú bíi Àjàṣẹ́ nílò jù. Àwọn opó tó ń sọ èdè Gíríìkì ráhùn pé wọ́n ń fo àwọn níbi ìpín ojoojúmọ́. Ẹ wo orúkọ àwọn méje tí ìjọ yàn: Sítéfánù, Fílípì, Pírókórù, Níkánórì, Tímónì, Páménà, Níkólásì. Orúkọ Gíríìkì ni gbogbo wọn. Ọwọ́ àwọn tí wọ́n fò dá ni wọ́n fi ìpín lé. Nínú ìjọ tí Ègùn àti Yorùbá ti ń jọ́sìn pọ̀, bí gbogbo àwọn tó ń pín nǹkan bá jẹ́ Yorùbá, àwọn ìyá Ègùn kan á wà nínú ilé tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀ pé ebi ń pa. Ìkórìíra kọ́ ló fà á. Ẹni tí a ń bá sọ̀rọ̀ lójoojúmọ́ ni a máa ń rántí. Ẹ yan àwọn tó ń sọ èdè wọn. Àwọn aládùúgbò wa tó jẹ́ Mùsùlùmí náà ńkọ́? Gálátíà 6:10 ní ká máa ṣoore fún gbogbo èèyàn. Ẹ má so ìwàásù mọ́ oúnjẹ wọn.

Àwọn méjì ni kó lọ sílé ẹni tí a fẹ́ ràn lọ́wọ́, kí obìnrin wà níbẹ̀ bó bá jẹ́ opó ni. Ọwọ́ ìrọ̀lẹ́ dára jù, nígbà tí ẹsẹ̀ ti ń dá lójú ọ̀nà. Ẹ kúnlẹ̀ kí ìyá: "Ẹ kú ilé o, ìyá. Ìjọ ní ká wá kí yín." Ẹ jókòó, ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ tiwọn. Ojú yín á rí ohun tí ẹnu ò ní sọ: bóyá iná ti wọ ìdáná lọ́jọ́ yẹn, bóyá òrùlé ń jò, bóyá oògùn tí wọ́n kọ fún wọn ṣì wà lórí ìwé tí wọn ò tíì rà á. Ẹ má ya fọ́tò. Jésù ní kí a má fun fèrè níwájú ara wa nígbà tí a bá ń ṣàánú, fóònù sì ni fèrè tí ayé òde òní ń fun. Bí àwọn tó wà lókè òkun bá ń béèrè ẹ̀rí, ojú ìwé ìṣirò ni kí ẹ yà ránṣẹ́ sí wọn.

Bóyá owó ni ká fún wọn ni o tàbí nǹkan, ohun tó ṣẹlẹ̀ ló ń sọ ọ́. Fún oògùn, ẹ gba ìwé tí dókítà kọ, kí ẹ bá wọn dé ilé ìtaja oògùn, kí ẹ san án níbẹ̀, kí ẹ gba ìwé ẹ̀rí. Kì í ṣe pé a ò fọkàn tán aláìsàn. Àwọn olówó-èlé ló máa ń kọ́kọ́ rí owó tó wà lọ́wọ́ ẹni tó jẹ gbèsè. Fún oúnjẹ, owó lọ́wọ́ ló níyì jù ní tèmi, nítorí ìyá tó ti ń bọ́ ilé fún ogójì ọdún mọ ohun tó yẹ kó rà ju diakónì lọ.

Owó ìdásílẹ̀ òwò ló máa ń bàjẹ́ jù, mo sì mọ ohun tó ń fà á. A fún opó ní 30,000 kó fi ta àkàrà. Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, èrè ò tíì tó bọ́ ilé, àwọn ọmọ sì gbọ́dọ̀ jẹun. Á mú díẹ̀ nínú ojú owó, lẹ́yìn náà díẹ̀ sí i, títí ó fi tán. Nítorí náà, ẹ fi oúnjẹ oṣù kan tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́. Bí ó bá jẹ́ 30,000 ni ẹ ní, ẹ fi 18,000 ra ẹ̀wà, epo àti agbada, kí ẹ fi 12,000 ra gààrí àti àgbàdo fún ilé rẹ̀. Òwò kékeré tí ilé ò jẹ ojú owó rẹ̀ máa ń dàgbà. Ẹ má gba èlé lórí rẹ̀, Ẹ́kísódù 22:25 ti pa á láṣẹ. Bí ìjọ ò bá sì lè fara mọ́ ọn pé owó náà lè má padà wá, kí wọ́n má pè é ní àwìn, kí wọ́n fún un lọ́fẹ̀ẹ́ kí ọkàn gbogbo èèyàn lè balẹ̀.

Ọ̀rọ̀ àká wá kù. Owó máa ń wọ àpótí jù nígbà ìkórè àti Kérésìmesì. Àìní kì í wá nígbà yẹn. Ó máa ń wá láti oṣù kẹrin sí oṣù kẹfà, nígbà tí àgbàdo wọ́n lọ́jà nítorí tuntun ò tíì jáde, ó tún ń wá ní oṣù kẹsàn-án tí iléèwé ń wọlé. Ìjọ tó bá ná gbogbo owó rẹ̀ ní oṣù kejìlá, tó pín ìrẹsì fún gbogbo èèyàn kí ọdún lè dùn, á wà lọ́wọ́ òfo ní oṣù karùn-ún. Ìdá mẹ́ta ni mo máa ń ní kí wọ́n pín in sí: ọ̀kan fún àìsàn àti ohun òjijì, ọ̀kan fún iléèwé, ọ̀kan fún àgbàdo tí a ó rà nígbà tó bá pọ̀.

Agbègbè Kétu ni ẹni tó wà ní Àjàṣẹ́ ti lè rà á, ní oṣù kẹjọ sí ìkẹsàn-án, lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ inú ìjọ tó wà níbẹ̀. Ẹ má dúnàádúrà títí ẹ ó fi rẹ́ àgbẹ̀ jẹ kí ẹ lè ṣàánú fún ará ìlú. Àgbàdo tí wọ́n ká nígbà òjò kì í gbẹ bọ̀rọ̀, èyí tí kò bá gbẹ á hu, ó sì léwu fún ẹ̀dọ̀ ẹni tó bá jẹ ẹ́. Bí ẹ ṣe máa dán an wò rèé. Ẹ wá ìgò funfun tó gbẹ, ẹ da àgbàdo sí i dé ìdá kan nínú mẹ́ta rẹ̀, ẹ bu ṣíbí iyọ̀ gbígbẹ méjì tàbí mẹ́ta lé e, ẹ dé e, kí ẹ gbọ̀n ọ́n dáadáa fún ìṣẹ́jú kan. Ẹ gbé e kalẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Bí iyọ̀ bá lẹ̀ mọ́ ara ìgò, omi ṣì wà nínú àgbàdo náà, kí wọ́n tún sá a lórí tapólì, kì í ṣe lórí ilẹ̀ lásán. Bí iyọ̀ ò bá lẹ̀, ó ti tó kó sápò.

Àpò onípele mẹ́ta ló dára jù fún un: ọ̀rá méjì nínú, àpò tí wọ́n hun lóde. Ẹ kún ọ̀rá ti inú dáadáa, ẹ tẹ afẹ́fẹ́ jáde, ẹ lọ́ ẹnu rẹ̀ kí ẹ so ó, kí ẹ tó so ìkejì, lẹ́yìn náà àpò òde. Kòkòrò tó bá wà nínú rẹ̀ á kú nítorí kò rí afẹ́fẹ́ mí sí. Ẹ má ṣí i wò lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, afẹ́fẹ́ tí ẹ bá jẹ́ kó wọlé lá jẹ́ kí kòkòrò tí kò tíì kú padà yè. Orí igi ni kí ẹ tò ó sí, kó má fara kan ilẹ̀ tàbí ògiri, kí ẹ sì ṣọ́ eku. Mo bẹ yín, pàápàá ẹ̀yin ará Ṣábẹ tí òwú wà lágbègbè yín, ẹ má fi oògùn tí wọ́n ń fín sí òwú pa kòkòrò inú àgbàdo. Oògùn yẹn ń pa èèyàn.

Ìsìnkú náà kan àpótí. Tertullian, òǹkọ̀wé Kristẹni àtijọ́ tó jẹ́ ọmọ Kátéèjì nílẹ̀ Áfíríkà wa níhìn-ín, kọ̀wé ní nǹkan bí ọdún 197 pé àwọn Kristẹni ń dá owó sínú àpótí lóṣooṣù, bí agbára kálukú bá ṣe mọ, láìsí ipá, pé wọn kì í fi ṣe àsè tàbí ọtí, pé títọ́jú àwọn aláìní àti sísin òkú wọn ni wọ́n ń fi í ṣe. Ní Àjàṣẹ́ tí a mọ bí wọ́n ṣe ń náwó lórí òkú, ìlànà yẹn le, ó sì tọ́. Kí àpótí sanwó pósí, ibojì àti ọkọ̀. Oúnjẹ àlejò àti aṣọ ẹgbẹ́ kò sí nínú rẹ̀, ọjọ́ tí ìjọ bá sì jókòó ṣe òfin náà ni kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, kí òkú kankan tó wà nílẹ̀.

Ní ọdún méjì méjì, ẹ pààrọ̀ akápò, bó tilẹ̀ jẹ́ olóòótọ́ bíi Barnaba. Lọ́jọ́ náà, kí ẹni tó ń jáde àti ẹni tó ń wọlé jọ ka owó níwájú àwọn àgbà ìjọ, kí wọ́n jọ ka àpò àgbàdo tó kù, kí wọ́n kọ ọ́ sí ìlà tó tẹ̀ lé ìlà tó gbẹ̀yìn, kí àwọn méjèèjì fọwọ́ sí i. Ẹ ra àgádágodo tuntun kí ilẹ̀ tó ṣú.